Akóhunjọ àti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Rẹ̀

Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń kó ohun àtijọ́ jọ, èrò tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé àṣà Òyìnbó ni ó ń kọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ààfin ńlá wo ni kò ní yàrá tí a kó adé, ìlẹ̀kẹ̀, ìlù àti ọ̀pá àṣẹ àwọn ọba tí ó ti wàjà sí? Ojúbọ Ṣàngó ńkọ́, níbi tí oṣé tí ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbẹ́ ti ń dúró tira wọn? Nínú agboolé lásán pàápàá, àpótí máa ń wà tí sányán àti àlàárì kún inú rẹ̀ bámúbámú, tí àwọn tí ó wọ̀ wọ́n lọ sóde ti di ẹni ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kíkó nǹkan jọ kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé kí ènìyàn kan ṣoṣo máa fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀, tí kì í ṣe ti òrìṣà ilé bàbá rẹ̀, tí kò sì ní í fi ṣe ohunkóhun ju pé kí ó máa wò ó lọ. Kí ó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún nítorí pé ó wù ú. Kí ó wá di ọjọ́ kan kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó ní kí gbogbo ayé máa wọlé bọ̀.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. A máa ń yìn ín ju bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Bí olówó kan bá ti lè sọ pé ohun ìní òun di ti gbogbo ènìyàn, àwọn oníròyìn yóò ya fọ́tò, ọba yóò súre, ó tán. Ṣùgbọ́n ilé tí a kó ère sí kò tíì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, gẹ́gẹ́ bí ilé tí a kó ìwé sí kò ṣe tíì di ilé-ìwé.

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù lọ ní ìhà tiwa ni ti Ọmọọba Yẹmisí Shyllon, ọmọ ilé ọba ní Aké, Abẹ́òkúta. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó kọ́ òfin, ibẹ̀ náà ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọnà ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò dẹ́kun láti ìgbà náà. Iye iṣẹ́ tí a gbọ́ pé ó kó jọ lé ní 7,000: ère igi, idẹ, àwòrán ọlọ́dà, fọ́tò, iṣẹ́ àwọn ọ̀gá bíi Ben Enwonwu àti Bruce Onobrakpeya. Ní 2007 ó dá àjọ kan tí ó ń jẹ́ OYASAF sílẹ̀ láti máa bójú tó wọn. Nígbà tí ó yá, ó fi 1,000 nínú wọn ta Pan-Atlantic University lọ́rẹ, ó sì fi owó ìtọ́jú kún un. Yunifásítì náà kọ́ ilé fún wọn sí ọgbà rẹ̀ ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Jess Castellote, ayàwòrán-ilé ọmọ Spain tí ó ti pẹ́ ní Nàìjíríà, ni ó ya àwòrán ilé náà, òun náà sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i.

Àwọn tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ nígbà náà pọ̀, ẹ̀bùn náà ni wọ́n sì ń kà: ẹgbẹ̀rún kan iṣẹ́ ọnà, owó báyìí-báyìí. Lójú tèmi, ibi tí ọgbọ́n wà kì í ṣe inú iye. Ó wà nínú pé ọkùnrin náà kò kọ́ ilé náà sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti máa pín. Ó gbé e fún ilé ẹ̀kọ́ tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò máa gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, tí yóò máa gba òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó mọ̀ bí kòkòrò ti ń jẹ igi lọ. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé náà, òótọ́ ni. Ta ni ó lè fi ẹgbẹ̀rún kan iṣẹ́ ọnà tọrẹ tí kò ní fẹ́ kí a dárúkọ òun? Ìyẹn kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ka ìpinnu yìí sí pàtàkì, kí ó ronú lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àkójọ àwọn tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ bàbá kan ní Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, tí ó kó àwo orin jọ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Kì í ṣe àwo onírọ́bà nìkan. Ó ní àwọn àwo wúwo àtijọ́ tí ń fọ́ bí àwo ìmùkọ, ti àwọn onísákárà àti àwọn alápàlà, èyí tí a gbé jáde kí wọ́n tó máa fi orin sórí àwo gbọọrọ. Àwọn orin Hárúnà Ìṣọ̀lá tí èmi kò gbọ́ níbòmíràn rí, yàrá rẹ̀ ni mo ti gbọ́ wọn. Bàbá náà mọ ẹni tí ó lu ìyá-ìlù nínú èyí, ó mọ ẹni tí a kí nínú tọ̀hún àti ìdí tí a fi kí i, ó mọ ìjà tí ó bí orin kẹta. Gbogbo rẹ̀ wà ní orí rẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ yá yàrá náà fún ayálégbé. Wọ́n kó àwo sí inú àpò ìrẹsì, wọ́n ní kí alápákó máa kó wọn lọ. Èmi kì í bú àwọn ọmọ náà. Ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn kò ju ẹrù lọ, nítorí pé ohun tí ó sọ wọ́n di ìṣúra ti bá a wọ ilẹ̀.

Níhìn-ín ni mo ti rí ìyàtọ̀ láàárín akóhunjọ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìfẹ́ akóhunjọ wà lára ohun náà gan-an. Ó fẹ́ dì í mú, ó fẹ́ kí ó jẹ́ tòun, ó fẹ́ kí ó dára ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ìwé àkọsílẹ̀ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀: níbo ni èyí ti wá, ta ni ó ṣe é, ta ni ó ni ín tẹ́lẹ̀, báwo ni ó ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni náà? Bí kò bá sí ìwé yìí, ohun tí a kó wá láti inú yàrá olówó sí gbàgede kò ju ọ̀ṣọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ère ìbejì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí àkójọ kan ní ilẹ̀ yìí tàbí lókè òkun tí kò ní in. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí yóò tọ babaláwo lọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọn yóò lọ bá agbẹ́gilére. Láti ọjọ́ tí ère náà bá ti wọlé, ọmọ ni. Ìyá rẹ̀ yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò fi osùn kùn ún lára, yóò fi wájì pa irun rẹ̀ láró, yóò so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, lọ́wọ́ àti ní ìdí, yóò fi ẹ̀wà àti epo kàn án lẹ́nu, yóò tẹ́ ẹ sùn bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ìyá náà bá kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tàbí ìyàwó ilé yóò gba iṣẹ́ náà ṣe. Wíwẹ̀ yìí, lọ́dún lé ọdún, ni ó ń pa imú àti ojú àwọn ère mìíràn rẹ́ títí tí iwájú wọn yóò fi máa dán bí òkúta inú odò. Ọwọ́ ìyá ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ ère náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ìyá ni ó parí rẹ̀.

Ọjà iṣẹ́ ọnà mọ èyí dáadáa. Ère tí ojú rẹ̀ ti parẹ́ máa ń gbówó lórí ju èyí tí ojú rẹ̀ ṣì mú lọ, nítorí ó ń fi hàn pé ó ti pẹ́, a sì ti lò ó. Àwọn oníjìbìtì náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ń fi yanrìn ha ojú ère tuntun. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti sanwó gọbọi nítorí ọwọ́ ìyá kan, a óò gbé ère náà sínú àpótí díńgí, a óò kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: ère, igi, Yorùbá. Ó parí. Obìnrin tí a torí ọwọ́ rẹ̀ sanwó kò ní orúkọ. Ọmọ tí a gbẹ́ ẹ fún, tí ó lóríkì, tí ó ní ìlú, tí ó ní ọjọ́ tí ó kú, di igi àti Yorùbá.

Mo tún fẹ́ kí a kíyè sí nǹkan kan tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Ìtọ́jú tí ìyá ń ṣe fún ère ni pé kí ó fi omi wẹ̀ ẹ́, kí ó fi epo àti osùn pa á. Ìtọ́jú tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣe ni pé omi kò gbọdọ̀ kàn án, epo kò gbọdọ̀ kàn án, ọwọ́ lásán pàápàá kò gbọdọ̀ kàn án. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà ní ààyè wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ fún wa pé òun ń pa àṣà mọ́, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ohun tí òun pa mọ́ ni ère. Àṣà náà dúró ní ọjọ́ tí ère náà gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Báwo ni ó ṣe gba ẹnu ọ̀nà jáde? Ìbéèrè yìí ni àwọn akóhunjọ kì í fẹ́ dáhùn. Ìdáhùn tí wọ́n ń fún wa ni pé: bí èmi kò bá rà á, wọn ì bá ti sun ún. Òótọ́ kì í ṣàìsí níbẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ọmọ tí ó gba ẹ̀sìn tuntun, tí ó kó ohun òrìṣà bàbá rẹ̀ sí ìta, tí ó da epo sí i, tí ó ṣáná sí i, tí àwọn ará ìjọ rẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́. Lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, alágbàtà tí ó yọ ère mẹ́ta kúrò nínú iná ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ère ni a yọ nínú iná. Òmíràn, òru ni a yọ ọ́. Òmíràn, ọmọ tí kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á ni ó tà á, nítorí pé ó gbọ́ pé olówó kan wà ní Èkó tí ń rà. Owó akóhunjọ ń gba ère là lónìí, owó kan náà sì ni ó ń mú kí olè wọ ojúbọ lọ́la.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin 77 tí ìjọba ológun ṣe ní 1979, èyí tí ó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, sọ ohun tí a ń pè ní ohun àtijọ́: iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí a ṣe kí ọdún 1918 tó dé, tàbí èyí tí ó níyelórí fún ìtàn, ọnà tàbí ìmọ̀, tí a sì ti lò rí nínú ètò ìbílẹ̀, ìgbà yòówù kí a ṣe é. Òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni má ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àfi ọ̀gá àgbà àjọ náà tàbí ẹni tí àjọ náà bá fún ní ìwé àṣẹ. Ẹ tún gbólóhùn kejì yẹn kà. Ère ìbejì tí a gbẹ́ ní 1950, tí ìyá kan sì bọ́, lè bọ́ sí abẹ́ òfin náà gẹ́gẹ́ bí adé ọgọ́rùn-ún ọdún méjì. A lè bi ara wa pé mélòó nínú àkójọ àwọn ènìyàn ńlá wa ni ó lè dúró bí a bá tú òfin yìí sílẹ̀ láàárín wọn bí ajá ọdẹ.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn: ìjọba wo? Láàárín ọdún 1993 sí 1994, àwọn olè fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n sì kó orí amọ̀ tí àwọn bàbá ńlá wa mọ lọ. Ilé ìjọba ni, ẹ̀ṣọ́ ìjọba ni ó sì ń ṣọ́ ọ. Àríyànjiyàn tí ó lágbára ni, n kò sì ní ta á nù. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ilé tí àwọn aládàáni ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yìí, lọ́wọ́ akóhunjọ kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó dé Nàìjíríà ní 1927, ni ó ń rin ìlú dé ìlú, tí ó ń ra nǹkan, tí ó ń gba nǹkan, tí ó sì ń kọ̀wé sí ìjọba láìsinmi títí wọ́n fi fi í ṣe olórí ìtọ́jú ohun àtijọ́ ní 1943. Ohun tí ó kó jọ wà lára ìpìlẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan, tí a ṣí ní 1957. Murray máa ń kọ nǹkan sílẹ̀: ìlú, ìdílé, orúkọ agbẹ́gilére nígbà tí ó bá rí i gbọ́. Nítorí náà ni a ṣe lè lo ohun tí ó fi sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí àkójọ fi ń di ilé ni pé kí ó kọjá òkun lọ. Ulli Beier gbé ní Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun àti Georgina aya rẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ayàwòrán Òṣogbo, bíi Twins Seven-Seven àti Muraina Oyèlámì, ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tí ó di 1981, ó dá ilé kan sílẹ̀ ní Bayreuth, Jámánì, àkójọ tirẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Iwalewahaus, nítorí pé ìwà lẹwà. Orúkọ náà dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ àwọn bàbá rẹ̀ ní láti gba ìwé ìrìnnà. Ọ̀pọ̀ fọ́tò àti ìwé Beier ti wá sí ọ̀dọ̀ ibùdó kan ní Òṣogbo, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwọn àwòrán ọlọ́dà púpọ̀ kò tíì tẹ̀lé wọn.

Ní ìlú São Paulo, ní Brazil, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Emanoel Araújo, agbẹ́gilére ọmọ Bahia, kó nǹkan nípa àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil jọ títí ayé rẹ̀, ohun òrìṣà àwọn ìran Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Àkójọ rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Museu Afro Brasil nínú ọgbà Ibirapuera ní 2004, òun fúnra rẹ̀ ni olùdarí títí ó fi kú ní 2022. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ní ẹjọ́ tí ó fẹ́ rò. Kò kó ohun tí ó rẹwà jọ lásán; ó fẹ́ fi han orílẹ̀-èdè kan pé ọwọ́ ẹrú ni ó kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àwọn akóhunjọ tiwa kò ní ẹjọ́ kankan. Bí o bá bi wọ́n pé kí ni àkójọ yín ń sọ, wọn yóò ní ó ń sọ pé àṣà wa dára. A ti mọ̀.

N kò gbọdọ̀ fo Nike Davies-Okundaye, nítorí àwọn àlejò máa ń pe ilé rẹ̀ alájà púpọ̀ ní Lẹ́kí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì pè é bẹ́ẹ̀. Ilé àfihàn àti ìtajà ni. Ohun tí o rí níbẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn lè ti gbé e lọ kí o tó padà dé. Ẹ̀bùn rẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ ní aró dídá àti adìrẹ láìgba owó, láti Òṣogbo wá.

Kí ni mo wá rí sí ti Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí? Mo ka ilé náà sí ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù lọ tí aládàáni ti ṣe fún iṣẹ́ ọnà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó jìnnà, ọkọ̀ sì wọ́n. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Muṣin tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ ní láti ní olùkọ́ tí ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gidigidi. Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti èdè, kì í sì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni ó wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àrùn gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣàlàyé oṣé Ṣàngó fún ọmọ oníṢàngó. Ìyá arúgbó tí ó lè sọ ohun tí edan jẹ́ fún wa kò lè ka ohun tí a kọ sí abẹ́ edan, nítorí náà kò lè bá wa wí bí a bá kọ ọ́ ṣì. Iye tí ó kù lọ́wọ́ akóhunjọ náà ṣì ju ìlọ́po márùn-ún ohun tí ó fi tọrẹ lọ, àkókò ṣì wà láti bi àwọn tí ó tà wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá ṣì wà láàyè.

Bí wọ́n bá ní kí n kọ àkọlé kan ṣoṣo fún wọn, n óò mú ère ìbejì méjì tí ojú wọn ti parẹ́, n óò sì kọ ọ́ báyìí: Ère ìbejì, takọtabo. Igi, osùn, wájì, ìlẹ̀kẹ̀. Ìlú tí a ti gbẹ́ ẹ. Orúkọ agbẹ́gilére. Orúkọ àwọn ọmọ náà, àti oríkì wọn. Orúkọ ìyá tí ó wẹ̀ wọ́n, àti iye ọdún tí ó fi wẹ̀ wọ́n. Orúkọ ẹni tí ó tà wọ́n, iye tí ó gbà, àti ohun tí ó fi owó náà ṣe. Ibi tí a kò bá mọ̀, a óò fi í sílẹ̀ lófìfo, kí òǹwòran lè rí bí àyè náà ti tóbi tó.